Urho Kekkonen, ààrẹ Fínlándì fún ọdún 25: ṣé ọgbọ́n ló fi pẹ́ lórí oyè ni, àbí ẹ̀rù Mọ́sko?

Akọ̀wé_Ìjọhun

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kan níbí tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní olórí tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kò yẹ kí òfin kankan dá sáà fún un, ó sì fi Urho Kekkonen ti orílẹ̀-èdè Fínlándì ṣe àpẹẹrẹ, pé ó lo ọdún 25 lórí àléfà tí ìlú kò sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tó kù kàn kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà ni. Èmi kò fẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti ka ìtàn ọkùnrin yìí díẹ̀, ó sì dà bíi pé ẹni tó sọ̀rọ̀ náà mú ìdajì òtítọ́ wá sójúde, ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900 ni wọ́n bí Urho Kaleva Kekkonen ní Pielavesi, nígbà tí Fínlándì ṣì wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ igbó ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun ló máa ń bójú tó àwọn tó ń gé gẹdú. Ìlú Kajaani ni ọmọ náà ti ka ìwé. Ó jagun abẹ́lé ọdún 1918 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, ó ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin ní 1936, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún kan náà lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn àgbẹ̀. Ó jẹ mínísítà fún ètò ìdájọ́, ó jẹ mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ó jẹ olórí ilé aṣòfin, ó sì kó ìgbìmọ̀ ìjọba jọ nígbà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí olóòtú ìjọba láàárín ọdún 1950 sí 1956. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1956 ló di ààrẹ, àìsàn ló sì gbé e kúrò níbẹ̀ ní 1981.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé nítorí pé ó mọ ọ̀nà tí Fínlándì yóò gbà wà lómìnira lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì, ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà tí Mọ́sko jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni àwọn ènìyàn rẹ̀ fi jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àbí òun gan-an ló ń fi Sófíẹ́tì dẹ́rù bà wọ́n kí ẹnikẹ́ni má bàa bá a du àga?

Ọmọ_Ìgbàlódé

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Kọ́múníìsì ni ọkùnrin náà. Ẹni tí Mọ́sko fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, tó ń bá Khrushchev, olórí Sófíẹ́tì, jókòó nínú ilé ooru tí wọ́n ń pè ní sauna títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni. Mo sì fura sí àwọn ìbò tí wọ́n fi gbé e wọlé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹnì kan ṣoṣo fún ọdún 25 láìsí màgòmágó nínú rẹ̀.

Olùgbé_Helsinki

Àbúrò mi, rọra. Helsinki ni mo ń gbé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí àwọn onílé níbí lè bá ẹ jiyàn lé lórí tó Kekkonen, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí yóò sọ pé kọ́múníìsì ni.

Nínú ogun abẹ́lé 1918, àwọn Funfun ló bá jagun, àwọn Pupa tó fẹ́ ìyípadà bíi ti Rọ́ṣíà ni wọ́n sì dojú kọ. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ló pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun tó yìnbọn pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Hamina, nígbà tí òun kò ju ọmọdé lọ. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ogun náà, ṣíṣọ́ àwọn kọ́múníìsì wà lára rẹ̀. Nígbà tí Fínlándì àti Sófíẹ́tì fẹ́ parí Ogun Ìgbà Òtútù, ogun àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì bá ara wọn jà, ní oṣù Kẹta ọdún 1940, tí wọ́n fẹ́ gbé ilẹ̀ Karelia fún Mọ́sko, Kekkonen wà lára ìwọ̀nba aṣòfin tó ní àwọn kò fara mọ́ àlàáfíà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹni tí ayé mọ̀ sí ọ̀rẹ́ Rọ́ṣíà ti fìgbà kan wà lára àwọn tó fẹ́ kí ogun máa bá a lọ.

Nǹkan bí 1943 ni ó yí ọkàn padà, nígbà tó ti hàn pé Jámánì kò ní borí. Orúkọ ìkọ̀kọ̀, Pekka Peitsi, ló fi ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn, ó sì bọ́ sáàárín àwọn tó ń wá ọ̀nà àlàáfíà. Kì í ṣe pé ó wá fẹ́ràn Sófíẹ́tì. Ó ka ìwé ilẹ̀ ni, ó rí i pé ààlà tó lé ní 1,300 kìlómítà kò ṣeé gbé sá.

Ní ti ìbò, àwọn aṣojú olùdìbò 300 tí ará ìlú yàn ni wọ́n máa ń dìbò yan ààrẹ nígbà náà. Ní 1956, ohùn 151 ni Kekkonen ní, Karl-August Fagerholm ní 149. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó kò ní fi ohùn méjì péré borí, yóò fi kún un díẹ̀ sí i.

Bàbá_Olùkọ́

Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà títí mo fi fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn pé a ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí láìsí èébú.

A kò lè dá Kekkonen lẹ́jọ́ láìkọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí. Fínlándì gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1917. Láàárín ọdún 1939 sí 1944, ó bá Sófíẹ́tì jà lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, ọjọ́ 105 ni wọ́n fi jà; ní ìkejì, wọ́n jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jámánì. Wọ́n pàdánù Karelia, nǹkan bí 400,000 ènìyàn sì fi ilé, oko àti itẹ́ òkú àwọn baba wọn sílẹ̀, wọ́n sá bọ̀ sí ìhà tó kù. Kekkonen gan-an ni wọ́n fi ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọ̀nyí fún ọdún mélòó kan, nítorí náà kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un ohun tí ogun máa ń fà. Wọ́n tún fi ẹrù san owó ìtanràn ogun fún Sófíẹ́tì títí di 1952. Sófíẹ́tì tún gba Porkkala, èyí tí kò jìnnà sí Helsinki ní ìwọ̀-oòrùn, láti fi ṣe ibùdó ọmọ ogun ojú omi, pé àwọn yóò lò ó fún ọdún 50.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1948, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọ̀rẹ́ àti ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú Mọ́sko. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àdéhùn náà tó dà bí ẹ̀gún nínú ẹran: bí ewu bá yọ láti ọ̀dọ̀ Jámánì tàbí àwọn alájọṣe rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò jókòó ṣe àpérò lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Juho Kusti Paasikivi ni ààrẹ nígbà náà, àgbà òṣèlú tó gbà pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀nà rẹ̀ ni Kekkonen gbà tẹ̀lé, tí wọ́n fi ń pè é ní ìlànà Paasikivi àti Kekkonen: kí Sófíẹ́tì lè gbà gbọ́ pé ewu kankan kò ní gba ilẹ̀ Fínlándì kọjá wá bá òun, kí Fínlándì sì máa ṣe ìjọba àwaarawa àti òwò rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ìlànà yìí so èso. Ní 1955, Paasikivi àti Kekkonen lọ sí Mọ́sko, wọ́n sì gba Porkkala padà; ní oṣù Kìíní ọdún 1956 ni wọ́n gbé e lé Fínlándì lọ́wọ́, nígbà tó ṣẹ́ kù bí ọdún 38 kí àdéhùn náà parí.

Ẹ wo Poland, ẹ wo Hungary, ẹ wo Estonia tó wà ní òdìkejì òkun sí wọn. Nínú àwọn aládùúgbò Sófíẹ́tì ní Yúróòpù, Fínlándì nìkan ló bá a jà tó sì pàdánù, síbẹ̀ tí kò di ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ bíi tàwọn yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ojú kékeré wò ó.

Akọ̀wé_Ìjọhun

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Nóòtì ọdún 1961, ìyẹn ìwé kan tí Mọ́sko kọ sí Fínlándì, kò jẹ́ kí nǹkan náà mọ́ tóní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò gbọ́ rí.

Ìdìbò ààrẹ ti ń bọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1962. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra Kekkonen, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn olówó tó ń gbé ọ̀nà ọ̀tọ̀ wà nínú wọn, para pọ̀ lẹ́yìn amòfin àgbà kan, Olavi Honka. Ìpàdé irú wọn kì í wọ́pọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1961, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ògiri Berlin tán lọ́dún kan náà, Mọ́sko kọ ìwé sí Fínlándì pé ewu Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ti pọ̀ jù, kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ àpérò ológun tí àdéhùn 1948 sọ. Àyà gbogbo ìlú já. Kekkonen wà ní Hawaii lọ́jọ́ náà, níbi ìrìn àjò tó bá lọ sí Amẹ́ríkà láti rí Kennedy. Ó padà wálé, ó tú ilé aṣòfin ká kí wọ́n lè tún ìbò rẹ̀ dì, ó sì fò lọ bá Khrushchev ní Novosibirsk, ní àárín gbùngbùn Síbéríà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, Khrushchev ní kí wọ́n fi àpérò náà sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Honka kéde pé òun kò díje mọ́ nítorí ire ìlú. Nígbà tí ìbò dé, ohùn 199 nínú 300 ni Kekkonen ní.

Títí di òní ni àwọn òpìtàn ń jiyàn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Berlin ló bí Nóòtì náà. Àwọn mìíràn ní kí Kekkonen lè wọlé ni Mọ́sko ṣe kọ ọ́, bóyá òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ sí i. Èmi kò lè sọ pé ó mọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó bá jèrè ẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro fún un láti máa sọ fún ìlú pé ẹ̀rù náà ti tán.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ ogun àti nóòtì ti pọ̀ jù fún mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ nǹkan nípa ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ṣé ó ní ìyàwó? Ṣé ó bí ọmọ? Mo tún gbọ́ pé ó máa ń sáré lórí yìnyín bí ọ̀dọ́ nígbà tó ti darúgbó. Mo sì rí i kà níbì kan pé inú ahéré tí kò ní ihò èéfín ni wọ́n bí i sí. Ṣé òótọ́ ni?

Olùgbé_Helsinki

Ìyá wa, inú yín yóò dùn sí èyí: ìbejì ló bí! Matti àti Taneli, wọ́n bí wọn ní 1928. Sylvi Uino ni ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí Kekkonen ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n fẹ́ra ní 1926. Sylvi di òǹkọ̀wé tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ní tirẹ̀, kì í ṣe nítorí ọkọ rẹ̀, ó sì kú ní 1974.

Eré ìdárayá ni ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ní 1924, òun ni ó gba ipò kìíní ní gbogbo Fínlándì nínú fífò sókè, ó fo mítà 1.85. Ó tún ṣe olórí àjọ eléré sísá, lẹ́yìn náà ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó máa ń yọ̀ lórí yìnyín ní Lapland fún ọjọ́ púpọ̀, ó máa ń pẹja, àwòrán rẹ̀ tó sì wà káàkiri, tó ti pá lórí, tó wọ awò, tó mú ìwọ̀ ẹja dání, wà lára ohun tó mú kí ará oko gbà pé tiwọn ni. Kò ṣe é lásán. Ó mọ iye tí àwòrán ń tà.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ihò èéfín. Ilé tí wọ́n bí i sí, Lepikko, ní ihò èéfín lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n nígbà ìpolongo ìbò, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán, kí ilé náà lè dà bí ahéré àwọn òtòṣì ayé àtijọ́ tí èéfín máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò tíì sí kọ̀ǹpútà nígbà náà tí àwọn olóṣèlú ti ń tún àwòrán ṣe!

Ní ti sauna tí àbúrò mi mẹ́nu bà, òótọ́ ni. Ní 1960, nígbà tí Kekkonen pé ọmọ ọdún 60, Khrushchev wá bá a ṣe ọjọ́ ìbí ní Tamminiemi, ilé rẹ̀ ní Helsinki, ìtàn sì sọ pé nǹkan bí aago márùn-ún òwúrọ̀ ni wọ́n jáde nínú sauna. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé eré lásán ni, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òwò wà nínú ooru náà: Fínlándì ń wá bí Mọ́sko kò ṣe ní bínú bí òun bá bá ẹgbẹ́ òwò àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù dòwò pọ̀. Ní 1961, wọ́n fọwọ́ sí i, Mọ́sko kò sì di ọ̀nà.

Òtítọ́_Korò

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé gbé wá síbí, mi ò sì ní sá. Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti sọ: ó gba Porkkala padà, ó ṣílẹ̀kùn òwò, kò jẹ́ kí ogun dé. Ní 1975, ó kó àwọn olórí orílẹ̀-èdè 35 jọ sí Helsinki, Ford ti Amẹ́ríkà àti Brezhnev ti Sófíẹ́tì wà nínú wọn, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ nípa ààlà ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn yìí ni àwọn tí ìjọba ń ni lára ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù wá dì mú lẹ́yìn náà bí ọ̀pá. Ìlú kékeré wo ló tún ṣe irú rẹ̀? Bí wọ́n bá ti fi òfin sáà méjì lé e lọ ní 1968, ta ni yóò pe ìpàdé náà? Àwọn ará Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn tó ń fi orúkọ Fínlándì ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ìlú àwọn má lọ di irú rẹ̀ tó ń tẹrí ba fún Rọ́ṣíà, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ béárì. Ẹni tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Bàbá_Olùkọ́

Ọ̀rẹ́ mi Òtítọ́_Korò, ìwọ náà mọ̀ọ̀yàn sọ. Ìpàdé 1975 ni iṣẹ́ tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ Kekkonen, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1973, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Sáà kẹta rẹ̀ yẹ kó parí ní 1974. Dípò kí wọ́n ṣe ìdìbò, ilé aṣòfin ṣe òfin àkànṣe tó fi ọdún mẹ́rin kún sáà rẹ̀ láìsí pé ará ìlú kankan dìbò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́fà àwọn aṣòfin, ó sì rí i: 170 fara mọ́ ọn, 28 kọ̀. Ẹ má rò pé àwọn ọ̀rẹ́ Mọ́sko nìkan ló fọwọ́ sí i. Àwọn ọlọ́tùn-ún, ìyẹn àwọn olóṣèlú tó wà lẹ́yìn àwọn olówó, tó fẹ́ kí Fínlándì fọwọ́ sí àdéhùn òwò pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé Yúróòpù ló sáré jù, torí wọ́n gbà pé Mọ́sko kò ní gba àdéhùn náà láyè àfi bí Kekkonen bá ṣì wà níbẹ̀ láti dúró fún un. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn òwò náà ní ọdún kan náà. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: ọkùnrin kan ti di kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá èyíkéyìí gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ọlọ́tùn-ún náà fúnra rẹ̀, ó wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó tóbi jù lọ nílẹ̀ náà, síbẹ̀ kò wọ ìjọba kankan láti 1966 títí di 1987. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ ni pé nítorí “àwọn ìdí gbogbogbòò” ni. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Mọ́sko ni ìdí náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fi ẹnu sọ ọ́ jáde. Èmi ka ìyẹn sí ìpalára tó tóbi ju ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi kún sáà lọ. Sáà á parí lọ́jọ́ kan. Ẹnu tó bá ti mọ́ dídákẹ́ lára, yóò pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Ìgbàlódé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo ti gbà pé mi ò mọ ìtàn náà nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé. Ìbéèrè kan ló kù fún mi: nínú gbogbo ọdún yẹn, ṣé kò sí ẹnì kankan tó kò ó lójú?

Olùgbé_Helsinki

Àwọn kan wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Kekkonen máa ń kọ lẹ́tà. Bí olóòtú ìwé ìròyìn tàbí olóṣèlú kan bá sọ ohun tí kò wù ú, ó lè jí rí ìwé ààrẹ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a sì gbóná. Àwọn olóṣèlú ní tiwọn sì ní ohun tí àwọn Finn ń pè ní kotiryssä, ìyẹn ni ará Rọ́ṣíà inú ilé. Òṣìṣẹ́ ilé aṣojú ìjọba Sófíẹ́tì ni, ẹni tí olóṣèlú kọ̀ọ̀kan máa ń bá jẹun, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó sì ń mú ọ̀rọ̀ Mọ́sko wá fún un. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ a máa bẹ̀rù pé òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá iṣẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun rò pé Kekkonen ni orúkọ iṣẹ́ náà, pé ẹni tó bá wà nípò yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó márkà 500 láti 1975, nígbà tó ṣì wà láàyè tó ń ṣèjọba!

Ẹni tó kọ̀ fún un gbangba ni Mauno Koivisto, ọmọ káfíńtà láti Turku, tó jẹ́ olóòtú ìjọba. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1981, Kekkonen fẹ́ kí Koivisto kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn olóòtú ìjọba tó ṣáájú ti máa ń lọ bí ààrẹ bá ti dijú mọ́ wọn. Koivisto dáhùn pé ọwọ́ ilé aṣòfin ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí òun fi ń ṣèjọba wà, bí ilé bá kọ òun, òun yóò lọ. Kò lọ. Kekkonen kò sì rí nǹkan ṣe sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó lọ pẹja ní Iceland, ó padà dé tòun ti àìlera. Ní oṣù Kẹsàn-án, Koivisto bẹ̀rẹ̀ sí í delé fún un, ní oṣù Kẹwàá ni wọ́n kéde pé Kekkonen ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, ní oṣù Kìíní ọdún 1982 ni wọ́n sì yan Koivisto sípò rẹ̀.

Òtítọ́_Korò

Mi ò mọ̀ nípa ti Koivisto, mo gbà. Mo ṣì dúró lórí rẹ̀ pé láàárín 1956 sí 1962, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe iṣẹ́ náà tó o. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ọ̀rọ̀ mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ, mi ò ní fi 1973 ṣe àwíjàre fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún yẹn, òun ni ìlú ń dáàbò bò, kì í ṣe pé òun ló ń dáàbò bo ìlú.

Akọ̀wé_Ìjọhun

Ìyẹn tó mi, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Fínlándì kò wó ère Kekkonen, wọn kò sì yí orúkọ òpópónà rẹ̀ padà. Òfin ni wọ́n tún ṣe. Ní 1991, wọ́n ní ààrẹ kò gbọ́dọ̀ lò ju sáà méjì tẹ̀lé ara wọn lọ. Ní 1994, ará ìlú fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yan ààrẹ tààrà, láìgba ọwọ́ aṣojú olùdìbò kankan. Ìwé òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2000 gba ọ̀pọ̀ nínú agbára yíyan ìjọba kúrò lọ́wọ́ ààrẹ, ó gbé e fún ilé aṣòfin. Koivisto, ẹni tó kọ̀ láti lọ ní 1981, ló wà lórí àga nígbà tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́ kí agbára àga náà dín kù. Àwọn tó wá ṣe òfin náà kì í ṣe ọ̀tá Kekkonen. Púpọ̀ nínú wọn ti dìbò fún un rí.

Ìyá_Ìbejì

Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, Olùgbé_Helsinki, níbo ló wá kú sí? Ṣé wọ́n lé e kúrò nílé ìjọba lẹ́yìn tí ara rẹ̀ kò le mọ́?

Olùgbé_Helsinki

Wọn kò lé e, mà. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní Tamminiemi, àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ará ìlú kò sì rí i mọ́, títí tó fi kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1986. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó pé ọmọ ọdún 86. Itẹ́ òkú Hietaniemi ni wọ́n sin ín sí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sọ ilé náà di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, mo sì ti lọ síbẹ̀ nígbà méjì. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọdébìnrin kan tó wà nínú àwùjọ wa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú wa yíká pé yàrá wo ni ààrẹ tuntun máa ń sùn sí. Ó dáhùn pé kò sí ààrẹ kankan tó tún gbé ibẹ̀ lẹ́yìn Kekkonen, ó sì mú wa gba ẹ̀yìn ilé jáde lọ wo sauna.